Wọ́n pa ọmọ ogun yín nílẹ̀ òkèèrè: ta ló ni ẹjọ́?

Lálẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 2022, ọkọ̀ ológun méjì tí wọ́n kùn ní funfun, tí wọ́n kọ UN gàdàgbà sí lára, gbéra láti gúúsù Lẹ́bánónì, wọ́n forí lé pápákọ̀ òfurufú Beirut. Ọmọ ogun Ireland ló wà nínú wọn, méjì nínú wọn sì ń lọ sílé nítorí pé wọ́n ṣòfò èèyàn. Lójú ọ̀nà, ọkọ̀ méjèèjì já ara wọn sílẹ̀. Ọ̀kan gba ọ̀nà etí òkun, ó sì kó sáàárín àwọn èrò tí inú ń bí ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Al-Aqbiya. Wọ́n dí i lọ́nà, wọ́n dà á níbọn. Seán Rooney tó ń wa ọkọ̀ náà, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25, ni ìbọn pa. Àwọn mẹ́ta tó kù farapa, ti ẹnìkan nínú wọn sì le gan-an.

Láti ọjọ́ náà ni ìjọba Ireland ti ń wá ìdájọ́ òdodo fún un. A máa ń gbọ́ gbólóhùn yẹn nínú ìròyìn dáadáa, “ìjọba ń wá ìdájọ́ òdodo”, ṣùgbọ́n kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn ohun tí ìjọba ọ̀hún ń ṣe gan-an. Ireland ní ọlọ́pàá, ó ní adájọ́, ó sì ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kí ló dé tí wọn ò lọ mú apànìyàn náà? Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN) tó rán ọmọkùnrin náà níṣẹ́ pípẹ̀tù sí ááwọ̀ ńkọ́, ṣé wọn ò ní ilé ẹjọ́ ni? Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ọmọ Nàìjíríà ti kú irú ikú yìí ní Sudan, ọmọ Togo ti kú u ní Mali. A máa dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ilẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀ ló kọ́kọ́ ni ẹjọ́. Kí ọmọ ogun UN tó wọ ìlú kan kó sì pẹ́ níbẹ̀, UN àti ìjọba ìlú náà a máa tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ti Lẹ́bánónì, oṣù Kejìlá ọdún 1995 ni wọ́n ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 1978 ni àwọn ọmọ ogun náà ti wà níbẹ̀. Ohun kan wà nínú irú àdéhùn yìí tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Bí ọmọ ogun UN bá dáràn níbi tí wọ́n rán an lọ, ìlú tirẹ̀ ló máa dá a lẹ́jọ́; kóòtù ìlú tó gbà á lálejò kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí ará ìlú bá wá pa ọmọ ogun náà, ọ̀rọ̀ yí padà: ìlú tó gbà á lálejò ló máa ṣèwádìí, tó máa mú ẹni tó ṣe é, tó sì máa gbé e lọ sí kóòtù. Nítorí náà, ìlú olóògbé ní agbára lórí ọmọ rẹ̀, kò ní agbára lórí ẹni tó pa ọmọ rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹ rán ọmọ yín lọ jíṣẹ́ ní ìlú ọlọ́ba mìíràn, tí wọ́n pa á síbẹ̀. Ẹ lè lọ bá ọba wọn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ lè sunkún, ẹ lè fárígá, ààfin tiwọn náà ni wọ́n ti máa gbọ́ ẹjọ́ ọ̀hún.

UN ńkọ́? UN kò ní kóòtù tó lè dá ará Lẹ́bánónì lẹ́jọ́ ìpànìyàn, kò ní ẹ̀wọ̀n, ọlọ́pàá rẹ̀ náà kò láṣẹ láti lọ gbé èèyàn nínú ilé rẹ̀ lóru. Ohun tó ní ni ìgbìmọ̀ ìwádìí abẹ́lé. Wọ́n á wo ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n á wo ibi tí ètò ti yẹ̀, wọ́n á sọ ohun tó yẹ kí wọ́n tún ṣe kí irú ẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́. Wọn kì í sọ pé lágbájá ló jẹ̀bi ìpànìyàn. Ìwé tí wọ́n bá kọ pàápàá, UN ló ni ín. Òfin sì dáàbò bo ìwé àti òṣìṣẹ́ UN lọ́wọ́ kóòtù ìlú èyíkéyìí, àfi bí UN fúnra rẹ̀ bá yọ̀ǹda. Àwọn ẹbí tó ń retí pé ìwádìí UN ló máa dárúkọ apànìyàn máa ń rí i níkẹyìn pé ilẹ̀kùn tí àwọn ń kàn kì í ṣe ti ilé ẹjọ́. Èmi ò rò pé ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ àgbáyé yẹ kó lè ka ohun tí àgbáyé mọ̀ nípa ikú ọmọ náà.

Kí ni Ireland wá rí ṣe? Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ikú Rooney, wọ́n rán ọlọ́pàá àti ọlọ́pàá ológun lọ sí Lẹ́bánónì. Kì í ṣe láti mú èèyàn. Wọ́n lọ kó ẹ̀rí jọ nítorí ìwádìí méjì: ti ológun, àti ti kọ́rónà, adájọ́ tó ń wádìí ikú tí kì í ṣe ti Ọlọ́run. Òfin ilẹ̀ wọn sọ pé kọ́rónà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí irú olóògbé bẹ́ẹ̀ ti kú àti ohun tó pa á, ìbáà jẹ́ òkè òkun ni ìbọn ti dún. Kọ́rónà náà kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ wá rí i pé ìwádìí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà lórí òkú kan ṣoṣo, kó má sì sí ju ọ̀kan lọ nínú wọn tó lè ju èèyàn sẹ́wọ̀n. Ìyẹn nìkan ló wà ní Beirut, lọ́wọ́ kóòtù ológun Lẹ́bánónì.

Kóòtù ológun yìí yẹ fún àlàyé. Ní Lẹ́bánónì, ará ìlú tí kò wọ aṣọ ológun rí lè rí ara rẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹ̀sùn bá kan ológun tàbí ààbò ìlú, ọ̀gá ológun ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń jókòó bí adájọ́ níbẹ̀. Ìlú náà fúnra rẹ̀ wà nínú ìṣòro ńlá lásìkò náà: owó wọn ti di bébà lásán láti ọdún 2019, kò sí ààrẹ láti oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ẹgbẹ́ Hezbollah tó ní ìbọn tirẹ̀ lágbára ní gúúsù ju ìjọba lọ. Hezbollah ní òun kò mọ nǹkan kan nípa ikú Rooney. Síbẹ̀, kí ọdún 2022 tó parí, ìròyìn jáde pé àwọn gan-an ni wọ́n fa ọkùnrin kan tí wọ́n fura sí lé ológun lọ́wọ́. Ẹ ronú sí i wò: ìjọba Ireland ń kọ lẹ́tà sí ìjọba Beirut, nígbà tí ẹni tó ní agbára láti fa afurasí jáde kì í ṣe ìjọba náà.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, kóòtù gba béèlì ọkùnrin tí wọ́n mú yẹn, wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá. Inú bí àwọn ará Ireland gan-an. Micheál Martin, tó jẹ́ igbákejì olórí ìjọba tó sì di ipò mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè àti ti ààbò mú pọ̀ nígbà náà, gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn aláṣẹ Lẹ́bánónì. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, wọ́n tún sún un. Ní gbogbo àsìkò yìí, iṣẹ́ ìjọba Ireland kò ju kí wọ́n rán aṣojú lọ jókòó sí kóòtù nígbà ìgbẹ́jọ́, kí mínísítà tó bá dé Beirut má kúrò níbẹ̀ láìdárúkọ Rooney, kí wọ́n sì máa bá UN sọ ọ́ ní New York. Ẹni tó bá ń wo ó láti òkèèrè á ní wọn ò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nínú irú ẹjọ́ yìí, ẹni tí kò bá yé dé ibẹ̀ ni wọn kì í lè gbàgbé. Fáìlì tí ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù, ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń lọ.

Oṣù Keje ọdún 2025 ni ìdájọ́ dé. Kóòtù ológun dá èèyàn mẹ́fà lẹ́bi, wọ́n dá ẹnìkan sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n kà sí olórí ẹ̀sùn, ọkùnrin tó ti gba béèlì yẹn, gba ìdájọ́ ikú, ṣùgbọ́n kò sí ní kóòtù lọ́jọ́ náà. Ìyà tí àwọn yòókù gbà fúyẹ́, débi pé Simon Harris, tó ti wà nípò igbákejì olórí ìjọba nígbà yẹn, sọ gbangba pé inú òun kò dùn sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kí wọn pé ìdájọ́ wáyé.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń di rúdurùdu lórí ẹ̀rọ ayélujára. Àwọn kan ní “wọ́n ti pa á”, àwọn mìíràn ní “wọ́n ti fún Ireland ní ohun tó fẹ́”. Kò sí ìkankan tó rí bẹ́ẹ̀. Òfin Lẹ́bánónì gbà kí kóòtù dá ẹni tí kò sí nílé lẹ́jọ́, àmọ́ bí ọwọ́ bá tẹ ẹni náà lẹ́yìn náà, tàbí tó bá wá fúnra rẹ̀, ìdájọ́ yẹn á wó, wọ́n á sì tún ẹjọ́ gbọ́ lójú rẹ̀. Nítorí náà, ìdájọ́ ẹ̀yìn èèyàn kò tíì jẹ́ òpin. Ti ikú tí wọ́n dá náà, Lẹ́bánónì kò tíì pa ẹlẹ́wọ̀n kankan láti oṣù Kìíní ọdún 2004. Ireland ní tirẹ̀ ti dìbò ní ọdún 2001 láti yọ ìdájọ́ ikú kúrò nínú ìwé òfin ilẹ̀ wọn títí láé. Ìjọba tí òfin tirẹ̀ kò gbà kí wọ́n pa ọ̀daràn ló wá ń gba ìdájọ́ ikú lọ́wọ́ kóòtù ẹlòmíràn nítorí ọmọ rẹ̀. Kò sí bí mínísítà ṣe lè fi ẹnu ṣàlàyé ìyẹn kó má fẹsẹ̀ kọ.

Ireland ti rin ọ̀nà yìí rí, ti ìgbà yẹn sì gba ogójì ọdún. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1980, àwọn ọmọ ogun ẹgbẹ́ kan tí Israel ń ràn lọ́wọ́ ní gúúsù Lẹ́bánónì jí ọmọ ogun Ireland mẹ́ta gbé lẹ́bàá ìlú At Tiri. Thomas Barrett àti Derek Smallhorne kú. Wọ́n yìnbọn mọ́ ẹnì kẹta náà, ó yè é. Àwọn tó wà pẹ̀lú wọn, títí kan akọ̀ròyìn ọmọ Amẹ́ríkà kan, rí ojú ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní ó ń gbẹ̀san àbúrò rẹ̀ tó kú nínú ìjà pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Ireland. Gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mú un, torí pé ogun ń lọ ní Lẹ́bánónì, apá ìjọba kò ká gúúsù rárá.

Ọkùnrin náà dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1994, ó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Michigan, ó ń fi ọkọ̀ ta áísìkiriìmù fún àwọn ọmọdé àdúgbò. Ìwé ìrìnnà ẹlòmíràn ló fi wọlé. Àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà mú un ní ọdún 2014, wọ́n dá a padà sí Lẹ́bánónì ní oṣù Kìíní ọdún 2015. Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n fi mú un. Ẹ̀sùn pé ó fi irọ́ wọ ìlú ni. Amẹ́ríkà kò lè dá a lẹ́jọ́ fún ohun tó ṣe ní Lẹ́bánónì, Ireland náà kò sì rí ọ̀nà gbé e dé Dublin. Bébà ìwé ìrìnnà ló gbé e dé ibi tí ẹjọ́ ìpànìyàn ti lè bá a. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, kóòtù ológun Beirut dá a lẹ́bi: ẹ̀wọ̀n gbére, tí wọ́n dín kù sí ọdún 15 nítorí ọjọ́ orí rẹ̀.

Mo fẹ́ràn ẹjọ́ yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ fún àlàyé, torí ó fi hàn pé ìjọba tó ń wá ẹ̀tọ́ kì í sábà borí níbi tó dojú kọ. Ó lè jẹ́ ọ́fíìsì aṣọ́bodè ìlú kẹta ló máa ṣí ọ̀nà. Ẹlẹ́rìí tó yè, tí kò dákẹ́ fún ogójì ọdún, sì ṣe ju lẹ́tà mínísítà mẹ́wàá lọ.

Àwọn kan á ní: kí ló dé tí wọn ò kúkú gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Ọ̀daràn Àgbáyé ní Hague? Òótọ́ ni pé òfin kóòtù yẹn ka mímọ̀ọ́mọ̀ kọlu ọmọ ogun apẹ̀tùsááwọ̀ sí ìwà ọ̀daràn ogun, níwọ̀n ìgbà tí àwọn ọmọ ogun náà kò bá gbè sẹ́yìn apá kan nínú ìjà. Ṣùgbọ́n kóòtù náà kì í wọ ìlú tí kò tọwọ́ bọ̀wé rẹ̀, àfi bí Ìgbìmọ̀ Ààbò UN bá rán an lọ tàbí bí ìlú náà bá pè é. Lẹ́bánónì kò tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ìjọba wọn ní àwọn yóò pe kóòtù náà wọlé. Kó tó pé oṣù kan àbọ̀, wọ́n ti yí ìpinnu padà. Kódà ká ní wọ́n dúró lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni wọ́n ń sọ, kò ní kan Rooney.

Sudan náà kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kóòtù yẹn, ṣùgbọ́n Ìgbìmọ̀ Ààbò rán Hague lọ sí Darfur ní oṣù Kẹta ọdún 2005. Ibẹ̀ ni tiwa ti wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, nínú àwẹ̀ Ramadan, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ya wọ àgọ́ ọmọ ogun Ìṣọ̀kan Áfíríkà ní Haskanita. Ọmọ Nàìjíríà, Martin Luther Agwai, ni ọ̀gágun àwọn ọmọ ogun ọ̀hún nígbà náà. Ìwé ẹ̀sùn Hague ní èèyàn 12 ló kú, 8 farapa gan-an. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kú. Ọmọ Mali, ọmọ Senegal àti ọmọ Botswana wà lára wọn pẹ̀lú.

Olùpẹjọ́ Hague pe ọ̀gá ọlọ̀tẹ̀ mẹ́ta. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹsẹ̀ ara wọn wá, ohun tí kì í wọ́pọ̀. Bahar Idriss Abu Garda ló kọ́kọ́ dé. Ní oṣù Kejì ọdún 2010, àwọn adájọ́ ní ẹ̀rí tó so ó mọ́ ìkọlù náà kò tó, wọ́n sì kọ̀ láti gbé ẹjọ́ rẹ̀ síwájú. Wọ́n fìdí ẹ̀sùn Abdallah Banda àti Saleh Jerbo múlẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2011. Ohun tí agbẹjọ́rò wọn ń bá kóòtù fà kì í ṣe bóyá àwọn ọmọ ogun kú tàbí wọn ò kú. Wọ́n ń béèrè bóyá àgọ́ náà ṣì wà lábẹ́ ààbò òfin lọ́jọ́ yẹn, àti bóyá àwọn tó kọlù ú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí rèé tí wọ́n fi máa ń tẹnu mọ́ ọn fún ọmọ ogun apẹ̀tùsááwọ̀ pé kó má gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni: bí ó bá gbè, ààbò tirẹ̀ àti ẹjọ́ tí wọ́n máa bá a ṣe lẹ́yìn ikú rẹ̀ lè jọ dànù.

Jerbo kú sójú ogun ní ọdún 2013, ẹjọ́ rẹ̀ parí síbẹ̀. Banda kò padà wá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, àwọn adájọ́ ní kí wọ́n lọ mú un, ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ kò sì bẹ̀rẹ̀ títí di òní. Hague kì í gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn lẹ́yìn olùjẹ́jọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, ni àwọn tiwa máa ń wí, ìlànà kóòtù náà sì rí bẹ́ẹ̀. Beirut dá ẹjọ́ tán, ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi kò sí ní kóòtù. Hague kò dá ẹjọ́ rárá, torí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò sí níbẹ̀. Fún ẹbí tó ń dúró, mi ò mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín méjèèjì.

Ohun tó dùn mí ni pé ẹjọ́ Haskanita ni àwọn adájọ́ àgbáyé fi ṣàlàyé òfin yìí fún gbogbo ayé, síbẹ̀ ẹ béèrè nípa rẹ̀ ní ọjà tàbí ní kíláàsì òfin ní ilẹ̀ wa, ẹ ó rí i bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kéré tó. Ireland kò jẹ́ kí orúkọ Rooney kúrò lẹ́nu aṣòfin wọn.

Ìgbà mìíràn tilẹ̀ wà tí kò ní sí ẹni tí èèyàn máa nàka sí. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2021, bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ pa ọmọ ogun Togo méje lójú ọ̀nà Douentza sí Sévaré ní Mali. Ẹni tó ri bọ́ǹbù mọ́lẹ̀ lè ti lọ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Bí ọlọ́pàá ìlú náà kò bá lè dé ibẹ̀ kó ẹ̀rí jọ lójú ẹsẹ̀, kò sí bí Lomé ṣe fẹ́ pariwo tó tí ẹjọ́ á fi dìde.

Àwọn ìlú tó ń rán ọmọ ogun lọ ti fi ara wọn mọ́ra lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó lé ní 4,000 ọmọ ogun àti òṣìṣẹ́ apẹ̀tùsááwọ̀ UN tó ti kú láti ọdún 1948, àwọn tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa nínú wọn sì lé ní 1,000. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, India gbé ìpinnu 2589 wá síwájú Ìgbìmọ̀ Ààbò, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ó pe àwọn ìlú tó gba ọmọ ogun lálejò pé kí wọ́n máa mú àwọn apànìyàn, ó sì ní kí UN ní àkójọ kan tí wọ́n á ti máa tọ ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan: ibi tó dé, ẹni tó wà látìmọ́lé, ẹni tí wọ́n dá lẹ́jọ́. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n pa Rooney gan-an, ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2022, India àti àwọn ìlú bíi mélòó kan dá ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ sílẹ̀ ní New York láti máa ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Àkójọ kì í mú èèyàn, ṣùgbọ́n ìlú tí ẹjọ́ mẹ́wàá ti dúró sójú kan lábẹ́ orúkọ rẹ̀ kò ní lè sọ pé òun kò gbọ́.

Bí ẹ bá wá gbọ́ lọ́la pé ìjọba kan ń wá ìdájọ́ òdodo fún ọmọ ogun rẹ̀, ẹ bi wọ́n pé: kóòtù wo ló ni ẹjọ́ náà, ṣé afurasí wà látìmọ́lé, ta ló ń ṣojú ẹbí níbẹ̀, kí sì ni ìjọba yín ní lọ́wọ́ tí ìlú yẹn ń fẹ́? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló wúwo jù. Ohun tí Ireland ní lọ́wọ́ ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ọgọ́rùn-ún mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ń ṣọ́ gúúsù Lẹ́bánónì fún wọn. Ìgbìmọ̀ Ààbò sì ti pinnu ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025 pé iṣẹ́ UN níbẹ̀ yóò parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2026, kí gbogbo wọn sì kó kúrò láàárín ọdún kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ àwọn aṣojú ìjọba, àwọn agbẹjọ́rò àti ẹbí ni fáìlì Al-Aqbiya máa kù sí.